Kókó Ọrùn Tiyínńkọ́

Ní àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1974, Phebe ń yọ eégbọn lára ajá ilé wọn ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan kókó méjì lábẹ́ àgbọ̀n ajá náà, lókè ọrùn. Ó tún rí méjì nídìí itan.

Ọlágòkè ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Lùkúmọ̀n, télọ̀ ojúlé kejì, ló fún ajá òun ní májèlé jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n jà nítorí ògiri tó pààlà ilé wọn ni Ọlágòkè sọ ajá náà ní Tiyínńkọ́, Lùkúmọ̀n ló sì ń fi pòwe mọ́ látìgbà náà. Ẹni tó bá fi orúkọ ajá bú aládùúgbò, ṣé ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀?

Phebe kò bá a jiyàn. Ó fa ajá lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adédìran, dókítà ẹranko. Ìyẹn fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú kókó kan, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá wò ó. Ó ní kò sí májèlé níbẹ̀, jẹjẹrẹ ni.

“Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè sọ irú jẹjẹrẹ náà fún mi dájú,” ni ó wí. “Ìwọ̀nba ló fà jáde. Ẹ ò lè bu ẹ̀kúnwọ́ yanrìn lára ilé kí ẹ fi mọ iye yàrá tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yọ odindi kókó kan, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Irú kan ń sáré, ó lè pa ajá láàárín oṣù kan sí méjì. Irú kan ń rọra, ajá lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtọ́jú. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà.”

Nígbà tí Ọlágòkè gbọ́, ó fárígá. Ó ní bí àyẹ̀wò kejì bá mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ni wọ́n ń ṣe àkọ́kọ́ fún? Ó ní kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ajá òun.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Phebe wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin yìí kan náà mú abẹ, ó la kókó méjèèjì ọrùn ajá kí májèlé lè dà jáde. Ìwà òmùgọ̀ wo ló tún ju ìyẹn lọ? Kó tó di Ọjọ́rú, ojú ọgbẹ́ ti kẹ̀, ó ń rùn, ara ajá ń jó bí iná. Orí tábìlì dókítà ló kú sí.

Phebe ní kí dókítà ṣáà yọ kókó kan nídìí itan òkú ajá náà, kó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé. Ó kà á sí ọkọ rẹ̀ létí.

“Irú tó ń rọra ni,” ni ó wí. “Ẹ̀yin lẹ sáré.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá rí kókó lábẹ́ àgbọ̀n tàbí nídìí itan rẹ̀, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa fẹ̀sùn kàn, ẹ má sì fọwọ́ ara yín là á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ yá, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ fi jẹjẹrẹ hàn. Àyẹ̀wò odindi kókó ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Èkejì kò sọ èkíní di irọ́. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ jẹ́ kó ṣe é, nítorí ohun tí ẹ bá yàn fún ajá ni yóò gbà, kò lè kọ̀ fún yín. Tiyínńkọ́ dúró jẹ́ẹ́ fún abẹ yẹn, torí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló rí.