Ilé Tó Kàn Lẹ́yìn Ti Adégbóyè

Nígbà yẹn, Ìsìmáílà ọkọ mi ṣì wà láyé. Láídì àbúrò mi náà wà, òun ló ń bá mi fi òróró pa ẹsẹ̀ ọkọ mi tó wú. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì lọ.

Rekiyat, ọmọ ọmọ mi tó ń lọ sí girama, ń gba ohùn bàbá rẹ̀ àgbà sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ gbogbo ilé tí òkun ti gbé lọ ní Araromi. Ètò méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, Wíńdòsì àti Línúsì. Bó bá tàn án, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi í léèrè èyí tó fẹ́. Jọọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Awoye, ló bá a fi Línúsì sí i. Inú Línúsì yìí ni ohùn náà wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà kò béèrè nǹkan kan. Wíńdòsì ló ṣí tààrà. Rekiyat wá Línúsì títí, kò rí i.

"Jọọlá ni! Òun ló jókòó tì í lánàá. Ó ti pa á rẹ́!"

Kí n má purọ́, èmi náà fura. Mo rántí pé ọmọ náà kò wo ojú mi nígbà tó ń kí mi pé ó dàbọ̀, tó ní ọkọ̀ àárọ̀ lòun máa wọ̀ padà sí Awoye. Mo ní, "Lọ bi í."

Kò bi í o. Èbúté ló ti lọ ká a mọ́, níbi tí ọkọ̀ Awoye ti ń kó èrò. "Olè! Ohùn bàbá mi dà?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ohùn bàbá arúgbó ṣe? Ṣé mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Jọọlá wọ ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìsìmáílà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ibi tí òun dé. Mo ní kó ṣáà máa sọ lọ.

"Rárá o. Ta ló ń tún àwọ̀n ṣe láìwá kókó tó so kẹ́yìn? Bí mo bá fo ilé kan, àwọn ọmọ wọn á ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró. Láídì ló wá bi Rekiyat pé, "Lẹ́yìn tí Jọọlá lọ, ọwọ́ ta ló tún kàn án?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Èmi ni. Mo gbé e lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù Kingsley, mo ń ta géèmù. Wíńdòsì ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, Ìyá àgbà."

Ó pe Jọọlá, ó bẹ̀ ẹ́. Jọọlá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò bá Rekiyat sọ̀rọ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń tàn án padà ló ń tẹ bọ́tìnì kan léraléra, títí ojú-ewé dúdú kan fi yọ. Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀. Ó gbé Línúsì sókè, Wíńdòsì sísàlẹ̀.

"Kò sí ohun tó sọnù. Nígbà tí Wíńdòsì tún ara rẹ̀ ṣe, ó gbé ara rẹ̀ síwájú ni."

Ohùn ọkọ mi jáde: "Lẹ́yìn ti Adégbóyè, ilé tó kàn ni..." Ibẹ̀ ni ikọ́ ti dá a dúró lọ́jọ́ tí Rekiyat gba ohùn náà.

Gbogbo wa yíjú sí i lórí ẹní. Ètè rẹ̀ mì, a ò gbọ́ nǹkan. Ohùn ti lọ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè kí ẹ tó pe ẹlòmíràn lólè. Èmi tí mo dàgbà náà, mi ò bi ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ mẹ́ta tó kù fún ohùn ọkọ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ìsìmáílà kú.