Ẹ̀tù Tó Ṣì Rin

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun Balógun máa kọlu odi ìlú tó wà lódìkejì odò, ẹ̀tù ìbọn ṣì rin. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló bà á jẹ́. Obìnrin tó ń sá ẹ̀tù fún ọmọ ogun bu díẹ̀ sórí ewé, ó fi ẹ̀yinná kàn án. Ẹ̀tù tó gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń bú gbàù, tí èéfín funfun á gbéra. Èyí kàn ń ṣe ṣìì bí omi tó dà síná.

Àbúrò rẹ̀ dúró tì í. Ìjàkùmọ̀ ni wọ́n ń pè é, olórí ọgọ́ta oníbọn. Òfin ni pé olórí kan ò gbọdọ̀ pín ẹ̀tù láìjẹ́ pé ó rí i lórí ewé.

"Ọmọ ìyá mi, ojú rẹ náà kúkú rí i. Oòrùn ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́," ni obìnrin náà wí.

Ìjàkùmọ̀ lọ bá Balógun lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba jókòó tì í nínú ẹ̀wù àrán, wọ́n wá wòran ogun bí ẹní wá wo ìjàkadì.

"Balógun, ẹ kú ìmúra. Ẹ̀tù ṣì rin, baba. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ní a nílò."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìránṣẹ́ ọba! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pàṣẹ fún akọni mi! Ṣé òun náà ló máa bá ọ nu imú lójú ogun ni?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn aláràn-án rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń yẹ̀ lórí wọn.

Kí ni Ìjàkùmọ̀ wá sọ? "Àṣẹ yín ni, baba." Ó parí! Ọkùnrin tí ọfà ti bà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sá, ẹ̀rín lásán ló dá a dùbúlẹ̀.

Wọ́n wọ́ odò kọjá. Nídìí odi, ó ké pé, "Ẹ yìn ín!" Nínú ọgọ́ta ìbọn, mẹ́sàn-án ló dún. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti òkè odi. Kí oòrùn tó kàntàrí, ọkùnrin mọ́kàndínlógún ti sùn sínú ẹrẹ̀, Balógun sì ń wò wọ́n láti abẹ́ agboòrùn rẹ̀ lódìkejì odò.

Nírọ̀lẹ́, Balógun ní kí wọ́n de obìnrin ẹlẹ́tù. "Ọ̀dàlẹ̀ ni. Òun ló ba ẹ̀tù jẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ bẹ́ ẹ lórí." Ó wá yíjú sí Ìjàkùmọ̀. "O ò mọ̀ pé ó rin, àbí?"

Bó bá ní òun ò mọ̀, oyè rẹ̀ kò ní bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́, ojú ló ń fi wò ó.

"Mo mọ̀," ni Ìjàkùmọ̀ wí. "Mo sì sọ fún yín lójú àwọn wọ̀nyí. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, mo wá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ kú. Bó bá jẹ́ orí lẹ ń wá, ẹ mú tèmi. Ṣùgbọ́n tèmi nìkan kò tó."

Àwọn ìránṣẹ́ ọba ń wo ilẹ̀. Balógun rí i pé etí wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà, ó ní kí wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ Ìjàkùmọ̀, wọ́n gba oyè rẹ̀. Nítorí kí ni? Nítorí àfojúdi sí Balógun! Kì í ṣe nítorí òkú mọ́kàndínlógún o. Nígbà tí ogun parí, ọba fún Balógun lẹ́ṣin, òun náà ni wọ́n sì ń kì títí dòní.

Ta ló lọ túfọ̀ nílé àwọn tó kú? Ìjàkùmọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Nílé kẹjọ, ó bá bàbá arúgbó kan nídìí òfì, ó kúnlẹ̀, ó sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú nítorí ẹ̀tù tí kò dún.

Ọwọ́ bàbá náà kò dúró lórí òwú. "Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀tù náà rin?"

"Mo mọ̀, baba."

Òfì dákẹ́.

"Má pè mí ní baba mọ́."

Ìjàkùmọ̀ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ilé mọ́kànlá ló kù.