Àyà Kejì Nínú Fíìmù

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò tíì kú. Agége ló ń gbé. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi í léèrè. Àmọ́ kó má ṣe bi í níbi tí iná kò sí.

Oyinadé ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, di gbogbo ìlú lọ́rùn mú, tí àwọn ológun wà lórí oyè, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ́síréè ló ń kọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán inú ọmọ ènìyàn láì fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ti wà ní ọdún kẹta, ọdún àṣekágbá. Ilé ẹ̀kọ́ rán òun àti Modinat, ọmọ kíláàsì rẹ̀, lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nítòsí àwọn iléeṣẹ́ ńlá Ìkẹjà. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ, ọṣẹ àti bísíkíìtì ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá, òórùn bísíkíìtì á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ebi á sì máa pa ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀gbẹ́ni Job ni ọ̀gá wọn níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn.

"Ìjọba ní ká má gba èèyàn síṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan péré ni wọ́n gbà wá láàyè. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó bá mọṣẹ́ jù ló máa dúró. Ẹnì kejì á wábi gbà."

"A dúpẹ́, sà," ni Modinat wí.

Oyinadé wo Modinat láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó ti mọ ẹni tó máa wábi gbà.

Modinat mọṣẹ́, ibẹ̀ ló burú sí. Kò gbéraga, kò sì fọ́nnu. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dáa ni. Bó bá fọwọ́ kan èjìká aláìsàn báyìí, aláìsàn á dúró bó ṣe yẹ kó dúró, fíìmù á jáde, á mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀ Oyinadé ló mọ̀wé jù. Ó ti kọ́ orúkọ eegun ara sórí, igba ó lé mẹ́fà, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù tirẹ̀ á dúdú jù, tàbí kó funfun jù. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ará àdúgbò wọn ní Oníwáyà pé ọmọ òun ti di dókítà tán.

Owú ni. N kò ní fún un ní orúkọ mìíràn. Bí Modinat bá rẹ́rìn-ín, Oyinadé á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí Ọ̀gá Job bá ní, "Modinat, o ṣeun," oúnjẹ ọ̀sán á korò lẹ́nu rẹ̀. Abọ́ kan ṣoṣo sì ni àwọn méjèèjì jọ ń jẹ o. Ọ̀rìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. Kì í ṣe orogún nìkan lọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni fíìmù máa ń wà, páálí irin pẹlẹbẹ kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Èyí tí wọn kò tíì lò, apá òsì ni wọ́n ń tò ó sí lẹ́bàá ògiri. Èyí tí wọ́n ti lò, apá ọ̀tún ni, títí wọn á fi gbé e wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ̀. Ojú lásán kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tó bá ṣèèṣì tún fi èyí tí wọ́n ti lò ya ènìyàn, àwòrán méjì ni yóò bá nínú fíìmù kan, ọ̀kan lórí èkejì. Fíìmù náà bàjẹ́ nìyẹn, fíìmù sì ṣọ̀wọ́n gan-an lásìkò náà.

Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun kan, Oyinadé ya orúnkún awakọ̀ kan. Ó yà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò dá a lójú. Ó gbé èyí tó dáa lọ fọ̀. Ó padà wá mú ti àkọ́kọ́ dání. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sí apá òsì, níwájú pátápátá, níbi tí ọwọ́ Modinat yóò ti kọ́kọ́ bà á.

Modinat mú un. Ó fi ya àyà ìyá àgbà kan. Oyinadé lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró de ariwo.

"Modinat! Wá ńbí!"

Ọ̀gá Job ti gbé fíìmù náà kọ́ sára pátákó iná. Omi ti dé ojú Modinat.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo lo kásẹ́ẹ̀tì kan! Ìwọ, ọmọ ọdún kẹta! Ṣó o mọ̀ pé páálí fíìmù kan ló kù wá?"

"Apá òsì ni mo ti mú un, sà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre."

Oyinadé rọra sún mọ́ ọn, kí ó lè rí orúnkún awakọ̀ láàárín àyà ìyá àgbà. Kò sí orúnkún níbẹ̀. Àyà méjì ló wà nínú fíìmù náà.

Ó tún wò ó. Eegun ìhà lórí eegun ìhà. Ọkàn méjì. Ara rẹ̀ tutù wá láti ẹsẹ̀. Ta ni yóò sì bi? Kó tó lè béèrè ibi tí orúnkún lọ, ó ní láti kọ́kọ́ sọ bí orúnkún ṣe débẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Inú Ọ̀gá Job ti ń rọ̀. Ó fa bírò yọ, ó ń tọ́ka.

"Ẹni tí à ń ya àyà rẹ̀, fíìmù ló ń kọjú sí, á kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ẹ wo ọkàn ìyá yìí, apá ibí ló tẹ̀ sí. Ẹ wá wo ti ẹnì kejì. Ọ̀hún ló tẹ̀ sí. Fíìmù ni onítọ̀hún kọ ẹ̀yìn sí."

"Kí ló wá kọjú sí, sà?" ni Oyinadé bi í.

"Ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ló ń wò." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ya ti kejì yìí mọṣẹ́ o. Ó mọ́ ju gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń yà látìgbà tẹ́ ẹ ti dé."

Ẹ gbọ́ bí owú ṣe rí. Ẹ̀rù ń ba Oyinadé, síbẹ̀ inú tún bí i. Fíìmù tó fi ba ti Modinat jẹ́ pàápàá, wọ́n tún rí nǹkan yìn níbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú fíìmù Oyinadé fúnra rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ní Ọjọ́ Ẹtì, méjì. Oyinadé fọwọ́ ara rẹ̀ ki fíìmù sínú kásẹ́ẹ̀tì, kò jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò ní abẹ́ apá rẹ̀ títí ó fi yà á. Pàbó ni. Àyà méjì ló ń jáde. Ẹnì kan náà sì ni ẹnì kejì ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ọ̀kan nínú eegun ìhà rẹ̀ la ẹ̀ka méjì níwájú. Oyinadé tún àwọn aláìsàn náà yà títí ó fi rí èyí tó ṣeé fi sílẹ̀, ó sì kó àwọn tó bàjẹ́ pamọ́ sábẹ́ àwọn ẹ̀wù òjé, aṣọ wúwo tó ń dáàbò bo ara òṣìṣẹ́ ẹ́síréè, tí wọn kò lò mọ́.

Ìró kan tún dé kún un. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ya àyà rẹ̀: ẹ mí sínú, ẹ mú un dúró. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì. Wọ́n á ní, ẹ mí síta. Oyinadé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mímí méjì. Aláìsàn á fa èémí tirẹ̀ sínú. Ẹlòmíràn á fa tirẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n mí síta, aláìsàn nìkan ló ń mí síta.

Ó máa ń ronú nípa rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn. Iná pupa kékeré. Òórùn oògùn ìfọfíìmù, kíkan bí ọtí kíkan. Omi ń kán, tó, tó, tó. Lẹ́yìn ìró omi náà, ìdákẹ́jẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti yàrá òfìfo. Ẹnì kan di èémí sínú níbẹ̀, ó ń dúró.

Ó mú Modinat sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Ṣé ìwọ lò ń fọwọ́ kan àwọn kásẹ́ẹ̀tì mi?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Modinat wò ó lójú. "Oyin, ṣó o ti jẹun láti àárọ̀? O ti rù."

Àánú tó wà nínú ohùn yẹn dun Oyinadé ju èébú lọ.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ya àyà aláìsàn kan, fíìmù kan péré, kò sí àtúnyà. Modinat ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó dáa bó ṣe máa ń dáa. Bàbá Suara ló kan Oyinadé. Ìdí ẹ̀rọ òwú ni bàbá náà wà ní iléeṣẹ́ aṣọ láti ọdún mọ́kànlélógún. Ikọ́ kan ti dì mọ́ ọn láti oṣù mẹ́ta, iléeṣẹ́ sì ní kó lọ ya ẹ́síréè kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní dùn mí?"

"Kò ní dùn yín, Bàbá. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín."

Modinat bá a gba ẹ̀wù náà. Eegun èjìká òsì bàbá yọ gọngọ lábẹ́ awọ, ó sì wọ́.

"Ó ṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni Bàbá Suara wí. "Wọ́n tò ó, kò tò dáadáa."

Modinat nawọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan sí Oyinadé. "Gba tèmi. Èmi fúnra mi ni mo lóòdù ẹ̀. Ó mọ́."

"Rárá. O ṣé."

Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Oyinadé lo tirẹ̀. Ó to èjìká bàbá náà síwájú, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan eegun tó wọ́ náà. Ó padà sẹ́yìn gíláàsì.

"Ẹ mí sínú."

Bàbá fa èémí. Ẹnì kejì fa tirẹ̀, jẹ́jẹ́, nítòsí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Ẹ mú un dúró."

Ó tẹ bọ́tìnì.

Nínú yàrá òkùnkùn, ó ti fíìmù náà bọ inú oògùn. Ó ń gbàdúrà. "Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan péré. Ẹnì kan péré, Ọlọ́run." Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ iná pupa. Eegun ìhà. Ọkàn. Ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnì kan péré ni.

Ó kù díẹ̀ kó pariwo ayọ̀. Ó wá wo èjìká. Eegun méjèèjì gún régé. Ó wo ìsàlẹ̀. Eegun ìhà kan la ẹ̀ka méjì.

Bàbá Suara kò sí nínú fíìmù náà.

Ó gbé e sókè, omi ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò tíì ya irú rẹ̀ rí, Modinat náà kò yà á rí. Bó bá jáde kó ní kí wọ́n tún bàbá yà, ìdánwò rẹ̀ ti parí, Modinat ló máa dúró. Ó ro ìyẹn. Ó ro Modinat nínú ẹ̀wù funfun, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ó gbé fíìmù náà kọ́ kó gbẹ.

Lẹ́bàá etí rẹ̀, ẹnì kan mí síta. Ó gùn. Ó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi tó ń kán nìkan ló kù.

Ọ̀gá Job dúró níwájú fíìmù náà pẹ́.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀dọ̀fóró mọ́ tónítóní. Eegun ìhà kan la ẹ̀ka, àbímọ́ ni, kò ṣe nǹkan." Ó yíjú sí i. "Oyinadé, ìwọ lo máa dúró."

Nígbà tí Ọ̀gá Job jáde lọ, Modinat sún mọ́ pátákó iná. Ó wo fíìmù náà. Ó wo Oyinadé. Ó tún wo fíìmù.

"Eegun èjìká bàbá yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

Modinat yíjú kúrò lára fíìmù náà. "Tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí," ó wí jẹ́jẹ́, "wọ́n á ní owú ni mò ń jẹ." Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Oyinadé ló fa ìwé èsì lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Alihamudulilai! Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù sí ọwọ́ ẹ."

Ó ń húkọ́ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Oyinadé dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó bó ṣe ń gba àárín ọgbà kọjá. Fèrè iléeṣẹ́ ti dún, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde sójú títì. Ní ẹnu géètì, bàbá náà dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó húkọ́ títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Oyinadé na ọwọ́ sókè láti pè é. Bàbá Suara gbójú sókè lásìkò náà, ó rí i, ó sì rò pé ó ń kí òun pé ó dàbọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó juwọ́ sí i. Oyinadé sì juwọ́ padà.