Èèyi Mú Káńsílọ̀

"Rọra gbé e o. Omi òkun ló wà nínú ọ̀rá yẹn, kì í ṣe omi ọ̀sà." Abọ́dúnrìn apẹja ló ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń na ọ̀rá olómi kan sí Mardiyah ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́.

Ẹja kékeré kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rá náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tuntun, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀. Àwọ̀n ló gbé e wá láti òkun, kò sì tó ohun tí èèyàn ń fi se ọbẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá bàbá Mardiyah, ni oníbàárà Abọ́dúnrìn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti ròyìn fún un pé ọmọ-ọmọ àwọn ń tọ́jú ẹja nílé, ìdí nìyẹn tó fi ta ọmọ náà lọ́rẹ.

Láti Ẹ̀pẹ́ títí ọkọ̀ wọn fi kọjá Àgbọ̀wà, orí itan ni Mardiyah gbé ọ̀rá náà lé. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ bọ́ sí kòtò, á yára gbé e sókè. Ìyá kan tó jókòó tì í bi í bóyá díndín ni wọ́n fẹ́ dín in àbí sísè. Mardiyah wo ìyá náà bí ẹni pé ó ní kí wọ́n dín àbúrò òun.

Ilé Màmá Àgbà ní Agric, n'Íkòròdú, ni ẹja náà ń lọ. Nínú pálọ̀ wọn ni táńkì gíláàsì Bọ̀dá Saheed wà, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló sì kún inú rẹ̀. Bọ̀dá Saheed ni àbúrò bàbá Mardiyah. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ lójú òkun kó tó wálé. Ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lọ́rùn nínú táńkì náà ni wọ́n ń pè ní Ọkọ àti Ìyàwó. Kékeré aláwọ̀ aró ni Búlúù. Èyí tó sanra jù ni Káńsílọ̀, torí pé bí oúnjẹ bá dé, òun á kọ́kọ́ jẹ, òun náà á tún lé àwọn yòókù kúrò nídìí ìyókù.

Nígbà tí Bọ̀dá Saheed ń lọ, Mardiyah ló fa táńkì lé lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Orí ọmọ náà wú. "Tó o bá tọ́jú wọn dáadáa," Bọ̀dá sọ, "ìwọ ni màá máa fi wọ́n sílẹ̀ fún. Òfin kan ni mo fún ẹ. Ẹja tuntun kankan ò gbọdọ̀ wọ inú táńkì yìí tí ò bá tíì dá gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún oṣù kan ó lé. Ara ẹ̀ lè mọ́ lójú, kó gbé àrùn pamọ́."

Mardiyah kọ́kọ́ pa òfin mọ́. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló da ẹja Ẹ̀pẹ́ sí. Àmọ́ Waliyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti ń sọ kiri kíláàsì pé kò sí ẹja òkun kankan n'Íkòròdú àfi èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Ni Mardiyah bá ní kí gbogbo wọn wá wò ó ní ọjọ́ Sunday. Bó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n dé, ó wo ẹja ẹlẹ́wà tó ń dá yípo nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣe é bíi pé kó sunkún. Ta ló ń pe ọ̀rẹ́ wá wo bọ́kẹ́ẹ̀tì? Oṣù kan ò tíì pé, àmọ́ ẹja náà ṣáà ń jẹun dáadáa. Ó fi àwọ̀n kékeré bù ú, ó jù ú sí táńkì.

Waliyah la ẹnu, ó lẹ imú mọ́ gíláàsì. Wọ́n ya fọ́tò títí. Mardiyah ń rìn káàkiri pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ohun funfun tín-tìn-tín yọ lára Ìyàwó. Mardiyah sọ fún ara rẹ̀ pé iyọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni Búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, Káńsílọ̀ sì ń fi ara ha òkúta. Nígbà tó wá di pé Káńsílọ̀ kọ oúnjẹ, àyà ọmọ náà já. Káńsílọ̀ kọ oúnjẹ kẹ̀!

Màmá Àgbà wọ awò ojú wọn, wọ́n sún mọ́ gíláàsì. "Èèyi ni," wọ́n sọ. "Gbogbo ọmọ tí mo bí ló ṣe é. Ẹmu la fi ń pa wọ́n lára."

"Ẹja ni o, Màmá."

"Ṣé ẹja ò ní ara ni?"

Màmá tó ti dé Mẹ́kà, tí kì í jẹ́ kí ọtí kọjá ìloro wọn, ló wá ẹmu lọ sọ́dọ̀ adẹ́mu tó ń ti Àgbọ̀wà wá. Abẹ́ hìjáàbù ni wọ́n gbé kèrègbè náà pamọ́ sí. Ìyàwó lèmọ́ọ̀mù pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó bi wọ́n ohun tí wọ́n gbé. "Oògùn ẹja ni," Màmá dáhùn, wọ́n sì yára wọlé.

Wọ́n gun orí àpótí, wọ́n bu ẹmu sí kọ́ọ̀pù. Mardiyah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, èrò kan sì sọ sí i lọ́kàn. Bí ẹmu bá wọ inú omi yẹn, ẹja wọ̀nyí ń kú lọ. Bí Bọ̀dá bá sì béèrè ohun tó pa wọ́n, ẹmu Màmá ni gbogbo èèyàn máa dárúkọ. Ta ló máa rántí ẹja Ẹ̀pẹ́? Bọ̀dá kúkú ò lè bá ìyá tó bí i jà. Kó ṣáà ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Màmá Àgbà ṣe bísímílà. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó wo ẹja ọmọ àwọn sàn. Ojú ti Mardiyah débi pé ara rẹ̀ gbóná.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á. Kì í ṣe èèyi. Èmi ni mo kó àrùn bá wọn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, omijé ń bọ́. Màmá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n wo ẹmu ọwọ́ wọn. "Kí ni mo wá fẹ́ fi èyí ṣe báyìí?" wọ́n bi ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Gbé fóònù wá. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún un."

Mardiyah sọ gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá Saheed lórí fóònù, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bọ̀dá ò pariwo. Ó ní kòkòrò kéékèèké ló ń jẹ lára àwọn ẹja náà. Bí wọ́n bá yó tán, wọ́n á já sí ìsàlẹ̀ táńkì, wọ́n á pamọ, àwọn ọmọ á sì gbéra láti wá ẹja mìíràn. "Kó gbogbo ẹja kúrò pátá sínú bàsíà ńlá, títí kan tuntun yẹn. Po iyọ̀ òkun tó wà nínú àpò tí mo fi sílẹ̀ nílé mọ́ omi wọn, kì í ṣe iyọ̀ ìdáná o. Oògùn wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Má jẹ́ kí oògùn náà kan táńkì, ó máa pa alákàn àti ìgbín inú ẹ̀. Táńkì gbọ́dọ̀ wà láìsí ẹja fún oṣù méjì ó lé, kí ebi lè pa àwọn kòkòrò yẹn kú."

Bí bàsíà ńlá ṣe gba àárín pálọ̀ nìyẹn. Màmá Àgbà sọ ọ́ ní ọsibítù, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé bọ́ bàtà. Búlúù kú. Mardiyah sin ín sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìsinmi iléèwé ló fi ń pààrọ̀ omi, tó ń wọn oògùn, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbafẹ́ kiri. Waliyah pàápàá ń wá bá a gbé omi, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ohun funfun náà tán lára àwọn ẹja. Lọ́jọ́ kan, Káńsílọ̀ jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán, ó lé Ọkọ, ó lé Ìyàwó, ó wá kọjú sí àlejò láti Ẹ̀pẹ́. "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run," Màmá Àgbà sọ. "Ara Káńsílọ̀ ti yá."

Nígbà tí Bọ̀dá Saheed dé, Mardiyah ti kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Màmá ti ń fi ẹ̀rín ròyìn ẹmu. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí, ó wá yíjú sí ọmọ náà.

"Nígbà tí Màmá dúró sórí àpótí, ṣé o mọ̀ pé tó o bá dákẹ́, mi ò ní mọ̀ láé?"

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

"Kí ló wá dé tó o sọ̀rọ̀?"

"Màmá á máa rò títí ayé pé àwọn làwọn pa ẹja yín."

Bọ̀dá Saheed wo ìyá rẹ̀, ó wo Mardiyah. "Búlúù dùn mí," ó sọ. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo lè rí ẹja mìíràn. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi nígbà tí mo bá wà lójú òkun, ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Mo tún ń lọ láìpẹ́. Ìwọ ni màá fi wọ́n sílẹ̀ fún."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò ó bó ṣe rí. Ìyìn ọ̀rẹ́ tí Mardiyah ń kánjú wá ni ó pa Búlúù, ẹkún ò sì jí i. Àmọ́ nígbà tí àyè wà fún un láti di ẹ̀bi rẹ̀ lé àgbàlagbà lórí, ó gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló gba ẹja tó kù là, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí wọ́n tún lè fọkàn tán an.