Bọ́ọ̀sì Aláfẹ́ àti Atẹ́gùn Tútù: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Bèèrè Kẹ́ Ẹ Tó Rà Á

Orí tábìlì ìjẹun ni Bàbá Rọra tẹ́ fọ́tò bọ́ọ̀sì náà sí, láàárín ife omi àti àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú rẹ̀. Ó ń fi ìka nu ún bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀.

"Wo àga rẹ̀," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Aláwọ̀ àlùkò ni. Wo kọ́tìnì rẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn á nà gbọọrọ níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo fọ́tò, ó tún wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó kejì lẹ fẹ́ gbé wọlé?"

"Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, ẹnu rẹ̀ ò lè mú tó tìẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú wọn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Bàbá Rọra kó tó fẹ̀yìn tì. "Rọra" ló máa ń sọ fún awakọ̀ tó bá fẹ́ sáré kọjá lára rẹ̀ lójú títì, bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀, òun náà sì ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn á ra bọ́ọ̀sì ńlá aláfẹ́ tí wọ́n ti lò, káwọn lè máa fi gbé àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn rìn kiri: lọ sétí òkun, lọ sórí òkè, lọ kí ọmọ tó ń gbé ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbà àdúgbò ti gbọ́. Ìyá kan tiẹ̀ ti ra bàtà tuntun de ìrìn àjò tí wọn ò tíì rí ọkọ̀ rẹ̀ rà.

"Ooru ló ń já mi láyà," ni agbẹ̀bí wí. "Ooru inú ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fara dà. Ẹ jẹ́ ká mú àbúrò mi dání ká tó sanwó."

"Mo ti wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ àná. Ó tutù bíi yìnyín."

Àbúrò agbẹ̀bí yìí, iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ló ń ṣe. Ìyá Òtútù ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí pé bó bá wọ ilé èèyàn, kó tó kí onílé tán, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lẹ́nu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Nígbà tó dé, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ àná, ó kàn ń wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí òjò ló rọ̀ láàárọ̀ àná? Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná gan-an tutù láàárọ̀ àná. Ọ̀sán gangan la máa lọ."

Ọ̀sán gangan náà ni wọ́n lọ. Oòrùn mú débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ kankan mú nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀sì náà. Ọlọ́yàyà èèyàn ni ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀. Ó fi ìnulẹ̀ nu àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alálùkò kó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, ó tan ẹ́ńjìnnì, òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkè. Bàbá Rọra na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dijú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì," ni Ìyá Òtútù wí.

Ó pa á. Atẹ́gùn náà dákẹ́. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́rùn Bàbá Rọra.

"Mi ò tíì jìyà báyìí rí lórí àga tó rọ̀ báyìí," ló sọ.

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń gbé amúlétutù yìí ṣiṣẹ́," ni Ìyá Òtútù ṣàlàyé. "Tí ọkọ̀ bá ń rìn, kò sí èyí tó lágbára tó o. Tẹ́ ẹ bá dúró, tẹ́ ẹ pa ọkọ̀, ó tán nìyẹn. Tó bá sì kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo yín lẹ jọ máa làágùn."

Wọ́n wo bọ́ọ̀sì kejì. Àwọ̀ mílíìkì ni, kò ní ẹwà kan lọ títí. Àmọ́ mẹ́ta ni amúlétutù tó wà lórí òrùlé rẹ̀, kálukú ń dá ṣiṣẹ́, iná mànàmáná ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n lè so ó mọ́ iná níbi tí wọ́n bá dúró sí. Ó sì ní jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, nínú àpótí irin tí wọ́n dí pa kúrò lára ibi tí èrò ń jókòó, tí páìpù èéfín rẹ̀ sì dojú kọ ìta. Ìyá Òtútù gbé ọwọ́ sókè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀kan ti kú nínú wọn, méjì ṣì wà láàyè. Ó ń pariwo díẹ̀, á sì máa jẹ epo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ̀ bá dúró, ibo làwọn èrò yín máa wà?"

"Inú ọkọ̀ ni," ni agbẹ̀bí dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa sinmi. Àwọn míì ò lè máa gun àtẹ̀gùn lemọ́lemọ́."

Bàbá Rọra gbọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sápá ibi tí alálùkò wà. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ rí i.

"Ìyẹn ò le, bàbá. A ó so amúlétutù ilé mọ́ ọn, a ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú ibi ẹrù lábẹ́ àga. Bí mo ṣe ṣe sí tèmi tó wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún nìyẹn. Bàbá ìyàwó mi ń sùn nínú rẹ̀ báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń gbádùn ẹ̀."

Ojú Bàbá Rọra tàn. Ti Ìyá Òtútù ò tàn.

"Jẹnẹrétọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Gbogbo fèrèsé wà ní títì?"

"Kí òtútù má baà jáde ni."

Kó tó sọ ọ́ tán, obìnrin náà ti ń sáré. Ó fa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà ṣí, ó yọ ẹ̀rọ funfun kékeré kan tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró nínú àpò rẹ̀, ó sì nà án wọlé. Ẹ̀rọ náà figbe ta lójú ẹsẹ̀. Ó ké sí wọn pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bàbá Rọra àti ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ mí kanlẹ̀ níta, wọ́n di èémí mú, wọ́n sáré wọlé, wọ́n sì gbé bàbá arúgbó náà jáde lórí àga ẹ̀yìn. Ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó.

Agbẹ̀bí gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó tẹ́ bàbá náà sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kó má baà sùn lọ. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kékeré. Bàbá Rọra ló wà á lọ sílé ìwòsàn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń wò ó tìyanutìyanu bó ṣe ń sáré kọjá lára ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

Wọ́n fún bàbá náà ní atẹ́gùn ọ́síjìn gba imú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dìde jókòó, ó ń bèèrè bàtà rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò lè gbójú sókè. "Mi ò mọ̀," ló ń sọ ṣáá.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀," ni Ìyá Òtútù dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. "Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ihò bíńtín lára ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbà wọlé. Á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn lórí, á wá ṣe é bíi pé oorun ń kùn ún. Ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́."

Bàbá arúgbó náà gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀fọ́rí tó ń ṣe mí lójoojúmọ́ yẹn, ìyẹn ni pé kì í ṣe ogbó?"

"Kì í ṣe ogbó, bàbá."

"Á jẹ́ pé mo ṣì ń ṣe ọmọdé lọ." Ó yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Dìde, jàre. Lọ yọ nǹkan yẹn kúrò, kó o sì wá gbé mi lọ sílé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó tún amúlétutù kẹta tó kú lórí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ mílíìkì ṣe, Bàbá Rọra sì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí i pé èyí ni òun ń rà. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n kó àwọn àgbà àdúgbò wá lọ́sàn-án, wọ́n jókòó kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n sì jẹ́ kí amúlétutù rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí. Orin ni wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Ìyá Òtútù fi ẹ̀rọ méjì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró sínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n rin ìrìn àjò àkọ́kọ́ lọ sétí òkun, nǹkan kan ṣoṣo ni àwọn èrò rojọ́ lé lórí: òtútù pọ̀ jù. Agbẹ̀bí ń pín aṣọ ìbora, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì aláfẹ́ tí wọ́n ti lò, ẹ má jẹ́ kí àga àti kọ́tìnì tàn yín. Ọ̀sán ooru ni kẹ́ ẹ lọ dán amúlétutù rẹ̀ wò, nígbà tí èrò bá kún inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó mọṣẹ́ dání. Ẹ bèèrè ohun tó ń gbé e ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ni àbí iná, kẹ́ ẹ wá fi wé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lo ọkọ̀ fún: ẹni tí èrò rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró lè ra elẹ́ńjìnnì láìséwu. Ẹ bèèrè bóyá ẹ máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà tó bá bàjẹ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ ilé sábẹ́ ibi tí èèyàn ń jókòó, bó ti wù kó rọrùn tó. Ẹ má sùn nínú ọkọ̀ tó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró, kẹ́ ẹ sì máa yẹ bátìrì rẹ̀ wò.

Tí orí bá sì ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ ló ń lọ, ẹ má sọ pé ooru ni, ẹ má sọ pé ogbó ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.