Ẹni Tó Ń Tọrọ Kọkànlá

Aago méjì ọ̀sán lù tán ni ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nílé, ilẹ̀kùn sì tì.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ni mo ń ṣe, yàrá ni mo sì ti ń ṣe é. Àṣẹ kan wà tí mo máa ń tẹ sójú dúdú kọ̀ǹpútà mi, tí yóò máa kọ gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ń bá rọ́tà, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, sọ. Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kígbe pé, "Ta ni yóò fún mi ní àdírẹ́sì?" Rọ́tà á sì fún un ní nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n èyí kò kígbe bí àlejò. Bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé ló ṣe sọ̀rọ̀: kí wọ́n dá nọ́ńbà kọkànlá òun padà fún òun. Rọ́tà kọ̀. Orúkọ tí ẹ̀rọ náà pe ara rẹ̀ ni Gbẹ́nàgbẹ́nà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ àárọ̀ ìyàwó mi. Òun ló kan tábìlì tí a fi ń jẹun, òun ló kan ibùsùn tí mo ń sùn sí. Omi gbé e lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tòun ti fóònù àpò rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kó wọlé, mo rí i pé wọ́n ṣì fi nọ́ńbà kọkànlá pamọ́ fún un nínú rọ́tà. Owú gbé mi, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo fi fóònù tèmi síbẹ̀. Wọ́n ní "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì" obìnrin ò dénú. Ta ló sọ pé ti ọkùnrin dénú?

Mo lọ bá ìyàwó mi ní pálọ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀? Ọkọ mi, owú ẹ yìí máa pa ẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé fóònù ọkùnrin yẹn wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé òkú lo tún ń bá du mí ni?"

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, aago méjì ni ẹ̀rọ náà ń tọrọ kọkànlá, rọ́tà ń kọ̀ fún un. Mo gbà pé àlè kan ló ń fi orúkọ òkú bojú. Ní ọjọ́ keje, mo ní kí n jẹ́ kó wọlé, kí n lè ká a mọ́. Mo yọ fóònù mi kúrò, mo dá orúkọ Gbẹ́nàgbẹ́nà padà síbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Aago méjì lù, ó tọrọ. Rọ́tà gbà fún un. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gba inú yàrá kan. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga ní pálọ̀, ìyàwó mi sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò rín fún mi rí. Mo sáré jáde.

Abọ́ méjì ló wà lórí tábìlì. Òun nìkan ni mo rí, ṣùgbọ́n omi ń kán tó, tó, tó lára àga kejì. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ ń wá? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?"

"Èmi ni! Ọkọ ẹ!"

Ó nawọ́ sí àga tó ń kán náà. "Ọkọ mi rèé."

Ó figbe ta títí mo fi bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Lójoojúmọ́, ní aago méjì, mo máa ń dúró lẹ́bàá ògiri. Fóònù mi á tọrọ kọkànlá, rọ́tà á kọ̀.

Lánàá, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lójú fèrèsé, jẹ́jẹ́: "Ẹni yẹn tún ti dé o."

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, bí ẹni pé omi kún ọ̀fun rẹ̀: "Má dá a lóhùn. Mo ti pa orúkọ ẹ̀ rẹ́."