Bàtà Lábẹ́ Sùtánà

Clement dojú bolẹ̀ nídìí pátákó àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí, àwọn páálí tuntun tó fẹ́ kàn mọ́ ọn fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọta ìbọn kan ti wọlé lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ọta náà kọ́ ló pa á. Ẹni tó yìn ín rìn lọ bá a níbi tó ti ń fàyà wọ́ lọ, ó gbé ẹsẹ̀ irin pátákó, ó sì ń fi lù ú lórí títí ojú ọkùnrin náà kò fi ṣeé dá mọ̀ mọ́.

Mọ́níkẹ́, sájẹ́ǹtì ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, lóṣòó tì í. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn wọ inú yanrìn tó ń gba ọta dúró. Yanrìn náà mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

River Road, ní Barking nílẹ̀ òyìnbó, ni ilé ìyìnbọn náà wà, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó fara ti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gba àlejò tó fẹ́ yìnbọn wò kó tó pinnu bóyá kóun san owó ẹgbẹ́. Clement, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ṣe sójà rí, ló ń kọ́ wọn. Òun náà ló ń fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún.

Ọwọ́ òsì òkú náà dì pinpin. Mọ́níkẹ́ rọra tú àwọn ìka rẹ̀. Igun fọ́tò kan tó ti ya ló wà níbẹ̀: etí obìnrin kan, yẹtí róbótó, àti ihò ọta lára ọrùn.

Ó padà sẹ́yìn, síbi tí àwọn ayìnbọn máa ń dúró sí. Ìbọn náà wà lórí tábìlì, ó ṣì ń rùn fún ẹ̀tù. Wọ́n ti ṣí ojú ibi tí ọta ń gbà wọlé, àsíá ike kékeré aláwọ̀ ọsàn kan sì yọ jáde níbẹ̀ bí ahọ́n. Mọ́níkẹ́ wò ó pẹ́.

"Kí lò ń wò?" Ọ̀gá rẹ̀, Inspẹ́kítọ̀ Barlow, ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Wá wo kámẹ́rà."

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà, lójú ọ̀nà tó wọ ibi ìyìnbọn. Ó fi ẹnìkan hàn nínú sùtánà funfun, tó fa fìlà sùtánà bojú, tó ń wọlé. Ó tún fi í hàn nígbà tó ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti ba àyà sùtánà náà jẹ́. Ó ń rìn geere, ó yára, bàtà dúdú rẹ̀ ń yọ lábẹ́ aṣọ ní gbogbo ìṣísẹ̀.

"A rí sùtánà náà nínú ike ìdàlẹ̀nù," ni Barlow wí. "Àlejò tó ń jẹ́ Olúyọmí ló ni ín. Òun àti olóògbé pariwo mọ́ ara wọn lórí owó ẹgbẹ́ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ó sì wọ bàtà dúdú."

"Raheem àti Jonah tí wọ́n jọ wà níbí náà wọ bàtà dúdú, sà."

"Àwọn kọ́ ló ni sùtánà. Màá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án lónìí yìí náà."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́ kíákíá. Kí ilẹ̀ tó ṣú."

Wúrà, ìyàwó Olúyọmí, ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì Aláàdúrà wọn, ó sì sáré wá bó ṣe wà: sùtánà lọ́rùn, oyún níwájú, ẹsẹ̀ lásán lórí kọnkéré tútù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n máa mú un lọ ni?"

"Ó ní ìwọ lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú mọ́tò rẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn ń jẹun."

"Òótọ́ ni. Owó ẹgbẹ́ yìí náà ni. Mo bi í pé ta ló fẹ́ yìnbọn pa ní Barking, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ inú páàkì ni? Mo ní kó fi owó yẹn ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Inú bí mi, mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu." Ó gbá ikùn rẹ̀ mú. "Ká ní mi ò gé e, èmi ni ǹ bá jẹ́rìí fún un. Ẹ má jẹ́ kí n bí ọmọ yìí nígbà tí bàbá ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n."

Mọ́níkẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti pupa. "Òtútù á mú ọ. Ṣé o ò rí bàtà wọ̀ ni?"

"Pẹ̀lú sùtánà?" Wúrà wò ó bíi pé ó ní kó wá jẹ òkúta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà."

Mọ́níkẹ́ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ló bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo obìnrin náà léjìká, ó sì wọlé padà.

Olúyọmí jókòó sí yàrá tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí.

"Kí ló fa ìjà?"

"Ìjà kọ́, Àǹtí. Mo ní owó yẹn ti pọ̀ jù. Bàbá Clement ní tí mi ò bá lè san án, kí n lọ máa ta ayò. Ó dùn mí, mo jágbe mọ́ wọn. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀."

"Nígbà tó o yìnbọn, ta ló ki ọta sí i?"

"Bàbá Clement náà ni. Àwọn ló kì í, àwọn ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo yìn ín tán. Èmi ò mọ orí ẹ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀."

Raheem ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn. Àgbàlagbà ni, ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀ rìn. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gbá a, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́. Ó ń wọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Èmi ni mo fa á," ló wí. "Mo fi ìbọn kan sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí pé ebi ń pa mí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún mi bí Olúyọmí ṣe dé."

"Hẹn? Sùtánà ló wọ̀ dé, ẹsẹ̀ lásán. Mo bi í bóyá owó ẹgbẹ́ wa ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó fi sùtánà kọ́, ó wá wọ bàtà."

"Ta ló rí i pé ẹsẹ̀ lásán ni?"

"Èmi àti Clement. Jonah ò tíì dé."

"Àsíá kékeré yìí ńkọ́?"

"Òfin wa nìyẹn. Tó o bá ti yìn ín tán, wàá ṣí i, wàá ki àsíá bọ̀ ọ́, kí ojú gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Clement máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn tó fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ fún odidi oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó bá kọ́ tán lè máa ṣe é lójú oorun."

"Àlejò ńkọ́?"

"Àwa là ń bá wọn ṣe é."

Jonah ló wọlé gbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin arẹwà ni, Peckham ni wọ́n ti bí i kó tó kó wá sí Upney, ó sì ń kọrin ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan. Bàtà rẹ̀ ń dún ṣàkì ṣàkì lórí táìlì.

"Ẹsẹ̀ rẹ tutù," ni Mọ́níkẹ́ wí. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Omi ló dànù sí mi lẹ́sẹ̀ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, Àǹtí. Ibẹ̀ ni mo wà. Bí mo ṣe jáde ni mo rí Olúyọmí tó ń sáré. White garment, bàtà dúdú, ẹ̀jẹ̀ níbi gbogbo. I swear down."

"Ṣé o ti di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún?"

"Soon. Oṣù mẹ́ta mi pé ní ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ṣé owó ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ó ti wọ́n jù."

Jonah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dá lórí ohun tó o fẹ́ fi ṣe."

Mọ́níkẹ́ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sídìí tábìlì àwọn ayìnbọn. Wọ́n ti gbé Clement lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì pupa lọ́ọ̀ọ́kán. Barlow dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Ìbọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà lórí tábìlì, tí ihò ẹnu rẹ̀ ti dí, àwo àsíá ike sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé e, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kalẹ̀."

Olúyọmí gbé e bí ẹni gbé ejò. Ó fà á, ó sọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Raheem fà á, ó ṣí i, ó ki àsíá bọ̀ ọ́, ó sì gbé e kalẹ̀. Jonah fà á. Ojú Mọ́níkẹ́ ló ń wò, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ṣí ìbọn, ó ti mú àsíá, ó ti kì í bọ̀ ọ́.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Bí ẹni tó pa Clement náà ṣe ṣe nìyẹn," ni Mọ́níkẹ́ wí. "Ó pa ènìyàn tán, ó wá dáàbò bo àwọn tó kù. Àlejò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Raheem lè ṣe é, àmọ́ ẹni inú kámẹ́rà ń rìn geere. Ó sì wọ bàtà lábẹ́ sùtánà. Ọmọ Aláàdúrà ò ní ṣe ìyẹn láé. Ìwọ lo rí aṣọ lórí ìkọ́, Jonah. O ò rí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀jẹ̀ lo sì fi omi fọ̀ kúrò lára bàtà ẹ."

Jonah fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu.

Eyín kan fò jáde. Mọ́níkẹ́ ṣubú lu tábìlì, ọmọ náà sì gun orí rẹ̀, ó fi ìbọn tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn títí iná àjà fi di ìràwọ̀ kéékèèké lójú rẹ̀, tí wọ́n ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ohùn ọ̀pá. Raheem ti fi ọ̀pá rẹ̀ fọ́ ọwọ́ Jonah, egungun sì ké bí igi gbígbẹ. Barlow àti Olúyọmí gbé e lulẹ̀.

Mọ́níkẹ́ tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ẹ bọ́ bàtà ẹ̀."

Inú bàtà òsì ni fọ́tò náà wà, ó ti rin. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín. Ihò ti gba ojú rẹ̀ já, ó gba ẹnu já, ó gba àyà já. Igun kan ni kò sí.

"Ta nìyí?"

"Bùnmi." Ẹkún ni Jonah fi dáhùn. "Ìyàwó mi ni. Ó kó jáde nílé mi, she just left. Ẹ̀yìn páálí àmì ni mo máa ń fi í sí tí mo bá ń yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Láàárọ̀ yìí bàbá yẹn tú páálí mi, ó rí i, ó sì mú un. Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i láé, pé tóun bá jẹun tán òun á pe ọlọ́pàá. Mo san gbogbo owó yẹn! Tí mi ò bá di mẹ́ńbà kíkún, wọn ò ní fún mi ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ó gba oúnjẹ ẹ̀, ó lọ kan páálí. Mo wọ aṣọ yẹn, mo yìn ín. Kò kú. Ó di fọ́tò náà mú, kò jẹ́ kí n gbà á."

Lẹ́nu géètì, Wúrà di ọkọ rẹ̀ mú. Olúyọmí kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà dúdú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un. Wúrà ta bàtà náà nù. Ó ní kó gbé òun dé mọ́tò.

Ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù ilé ìtajà Vicarage Field ni Bùnmi ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́níkẹ́ pè é lórí fóònù, aṣọ tútù lẹ́nu, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Orin inú ṣọ́ọ̀bù ń dún lẹ́yìn obìnrin náà.

"Clement," ló wí níkẹyìn. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Òun náà ò mọ̀ ọ́," ni Mọ́níkẹ́ dáhùn.